Ọta àtúnkì ni o, ẹ yéé pè é ní ọta àtúnlò

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí àwa Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà níbí bá ti ń sọ̀rọ̀ ìbọn, tó bá ti kan ọta tí wọ́n tún dì lẹ́yìn tí wọ́n ti yìn ín, ẹnì kan á ní "ọta àtúnlò", ẹlòmíì á ní "ọta tòkunbọ̀", bíi pé inú kọ̀nténà ló gbà dé. Báwo lẹ ṣe fẹ́ tún ọta lò? Èyí tó ti jáde lẹ́nu ìbọn ti lọ, ó ti wọ yẹ̀pẹ̀ lọ́hùn-ún. Èèpo idẹ ló kù nílẹ̀, òun ni wọ́n ń ṣà, wọ́n á pààrọ̀ práímà ìdí ẹ̀, ìyẹn nǹkan kékeré tó máa ń ṣáná sí ẹ̀tù, wọ́n á bu ẹ̀tù tuntun sí i, wọ́n á fi òjé míì dé e lẹ́nu.

Èmi ń pè é ní àtúnkì torí pé kíkì ni wọ́n ń kì í. Ọdẹ tó ní ṣakabùlà kì í sọ pé òun fẹ́ "lo" ìbọn òun kó tó kì í, ó sì ní ọ̀pá tó fi ń kì í. Bùrọ̀dá kan wá ní kò dáa, pé àwọn èèyàn á rò pé oríkì la fẹ́ tún kì fún ọta. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣé tí wọ́n bá ní kó kì ìbọn, "ọmọ Ògún" ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ni? Òun kan náà ló túmọ̀ grain sí "hóró" o, tó kọ "ọta oníhóró 115", tí ẹnì kan fi wá ń bi mí pé ṣé hóró 115 ló wà nínú ọta 9mm kan ṣoṣo. Ìwọ̀n ni gíréènì, bí òjé ẹnu ọta ṣe wúwo tó ni 115 yẹn ń sọ, 7,000 gíréènì ló wà nínú páùn kan, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ èyí gan-an ni àtúnkì tí wọ́n ń dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń wọ̀n tà ní páùn páùn níbi ọjà ìbọn. Ẹ wo ẹ̀pà inú ìgò. Ìgò ọtí ni, léébù ẹ̀ ṣì lè wà lára ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa rò pé iléeṣẹ́ ọtí ló yan ẹ̀pà yẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sídìí èèpo idẹ, ẹni tó ṣe ìgò ló ń sọ, kò sọ ẹni tó yan ẹ̀pà. Ẹ wá da ìgò ogún ìyá ẹlẹ́pà pọ̀ sínú àpò kan. Èyí tó jóná ńkọ́, èyí tó ti bu ńkọ́? Ti ẹ̀pà, ẹ máa tu ú dànù. Ti ọta, èyí tí ẹ̀tù ẹ̀ kéré á há sínú ihò ìbọn, tẹ́ ẹ bá wá yìn òmíì tẹ̀ lé e, ìbọn á bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, èyí tí wọ́n bu ẹ̀tù sí lẹ́ẹ̀mejì ò tiẹ̀ ní dúró de ìkejì.

Àwọn kan ní ṣebí òṣùwọ̀n wà, kéèyàn wọ̀n ọ́n níkọ̀ọ̀kan kó lè mọ èyí tí ẹ̀tù ẹ̀ kéré tàbí tó pọ̀ jù. Irọ́ ni. Odidi 9mm olójé 115 kan máa ń tó nǹkan bíi gíréènì 185, bíi 38 ló máa pé páùn kan, ẹ̀tù inú ẹ̀ ò wá ju nǹkan bíi márùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ èèpo iléeṣẹ́ kan lè fi iye yẹn wúwo ju ti iléeṣẹ́ kejì. Tó bá wá fi márùn-ún lé, ṣé ẹ̀tù ni àbí idẹ?

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 ní ẹni tó bá sọ ọ́ di òwò gbọ́dọ̀ gba láìsẹ́ńsì, ẹni tó ń kì í fún ara ẹ̀ ò nílò ẹ̀. Èyí tó wà nínú páálí tó lórúkọ, àtúnkì náà ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé ẹni tó kì í.

Ìdí tí mo fi ń jà fún orúkọ náà nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ "àtúnlò" á bèèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti lò ó, ẹni tó gbọ́ "àtúnkì" á bèèrè pé ta ló kì í. Mo bi baba òyìnbó kan bẹ́ẹ̀ ní Texas, ó jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan tó ti kú ni, àwọn ọmọ ẹ̀ ló ta gbogbo ohun tó wà ní gáréèjì. Mo da ẹ̀kúnwọ́ tí mo ti bù padà.