Bí ilé iṣẹ́ ṣe ń dá ẹni tó mọ accessibility yàtọ̀ sí ẹni tó kàn mọ orúkọ ẹ̀

Accessibility ni kéèyàn kọ́ wẹ́bùsáìtì lọ́nà tí àwọn aláìlera náà á fi lè lò ó. Bó ṣe sábà máa ń lọ nílé iṣẹ́ nìyí. Ilé iṣẹ́ kan á jí lọ́jọ́ kan, á rí i pé ẹni tí ò ríran ò lè forúkọ sílẹ̀ lórí wẹ́bùsáìtì òun, tàbí kí ẹnì kan fẹ̀sùn kàn wọ́n, wọ́n á sáré pe ẹnì kan wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó, wọ́n á wo síláìdì, wọ́n á gba sátífíkéètì, ó tán. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wẹ́bùsáìtì yẹn ṣì wà bó ṣe wà. Wọ́n á ní olùkọ́ yẹn ò mọ̀ ọ́n kọ́. Olùkọ́ lè mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa o, àwọn tó kó jọ síwájú ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn tó ń da nǹkan rú.

Torí ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni pé iṣẹ́ àwọn tó ń kọ kóòdù nìkan ni accessibility. Ẹ jẹ́ ká fi wé iṣẹ́ télọ̀. Ẹni tó lọ ra aṣọ ra yáàdì méjì níbi tó yẹ kó ti ra mẹ́rin, ẹni tó ya sítáì sórí ìwé ya apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ, ẹni tó wọn oníbàárà wọ̀n ọ́n lórí ìjókòó, gbogbo ẹ̀ wá já lé télọ̀ lọ́wọ́, aṣọ ò wá gba ẹni tó ni ín, wọ́n ní ẹ rán télọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Télọ̀ lọ, ó kọ́ oríṣi abẹ́rẹ́ mẹ́fà, ó padà dé, yáàdì méjì náà ló tún bá lórí tábìlì. Bó bá sì fi ọgbọ́n rán an tó gba ara, ẹni tó ń lọ aṣọ tún wà lẹ́yìn tó lè fi áyọ́ọ̀nù jó o, ẹni tó ń dì í náà lè... ó tó, kó má di pé iṣẹ́ aránṣọ la wá ń kọ́ níbí.

Lórí wẹ́bùsáìtì, ẹni tó ra yáàdì méjì ni ẹni tó mú lẹ́tà aláwọ̀ eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí funfun torí pé ó rẹwà lójú ẹ̀. Ìlànà WCAG, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n accessibility wẹ́bùsáìtì, sọ pé kí ìyàtọ̀ àárín àwọ̀ lẹ́tà àti àwọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tó 4.5 sí 1, bí lẹ́tà bá tóbi ó lè jẹ́ 3 sí 1, kò sì sí kóòdù tí ẹnì kan fẹ́ kọ tó máa wo iyẹn sàn bí ọ̀gá bá ti fọwọ́ sí àwọ̀ yẹn. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, tó kọ "tẹ ibí" sí línkì mẹ́wàá lójú ìwé kan ṣoṣo, tí ẹni tó ń fi etí ka á á máa gbọ́ tẹ ibí, tẹ ibí, tẹ ibí, kò mọ ibi tí wọ́n ń rán òun lọ. Ẹni tó ń gbé fídíò síta láìkọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Gbogbo wọn ló nílò ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ wọn ò sì jọra rárá. Bí ẹnì kan bá ní òun ní kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó bá gbogbo ilé iṣẹ́ mu látorí ọ̀gá dórí ẹni tó ń kọ kóòdù, ẹ tún bi í léèrè.

Ibi tí èèyàn ti lè kọ́ ọ kò ṣòroó rí, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. W3C tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ WAI, láti 1997 ni, ọ̀fẹ́ sì ni ohun tí wọ́n kó síbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ pín iṣẹ́ náà sí ipò ipò kí oníkálukú mọ tiẹ̀. Wọ́n ní kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. WebAIM tó ń kọ́ni ní accessibility wà ní Utah State University ní Amẹ́ríkà, Deque University, ìyẹn ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé iṣẹ́ Deque, wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Trusted Tester tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó fẹ́ mọ àyẹ̀wò ṣe. Ní ti sátífíkéètì, IAAP, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ accessibility tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ló ní èyí tí wọ́n mọ̀ jù, ibí yìí gan-an sì ni wọ́n ti máa ń wọ bàtà ọ̀tún sẹ́sẹ̀ òsì: CPACC dá lórí ìmọ̀ nípa àìlera, òfin àti ìlànà, WAS ló dá lórí kóòdù àti àyẹ̀wò. Ilé iṣẹ́ á gba ẹni tó ní CPACC, wọ́n á gbé kóòdù síwájú ẹ̀, wọ́n á máa wò ó lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá sì wá ní W3C ló fún wẹ́bùsáìtì òun ní ìwé ẹ̀rí WCAG, irọ́ ni, W3C kì í fún wẹ́bùsáìtì kankan nírú ẹ̀.

Ibi tó dùn jù wá ni bí wọ́n ṣe ń dán ẹni tó ní òun mọ accessibility wò kí wọ́n tó gbà á. Ẹ má bi í pé ọdún mélòó ló ti ń ṣe é. Ẹ fún un ní ojú ìwé kan ṣoṣo, èyí tó ní fọ́ọ̀mù nínú, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn fún un, kí ẹ wá jókòó tì í wo ohun tó kọ́kọ́ ṣe.

Ayédèrú á kọ́kọ́ ṣí sọ́fítíwíà àyẹ̀wò, á tẹ bọ́tìnnì kan, á tẹ ìwé ọgọ́rin ojú ewé jáde, á kó o fún yín. Sọ́fítíwíà yẹn ò burú, àwọn tó mọṣẹ́ náà ń lò ó, àmọ́ ìwọ̀n ohun tó lè rí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 2017 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ojú ìwé kan tí wọ́n kó àṣìṣe tó lé ní ogóje sí, wọ́n wá tú àwọn sọ́fítíwíà yìí sí i, èyí tó ṣe dáadáa jù nínú wọn ò rí ìdajì. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé àwòrán kan ní àlàyé lábẹ́, kò lè mọ̀ pé irọ́ ni àlàyé yẹn ń pa. Ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ lè rí yẹn gan-an, wọn ò tíì tún un ṣe o: WebAIM yẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ wẹ́bùsáìtì mílíọ̀nù kan wò ní 2024, 95.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àṣìṣe tí ẹ̀rọ lásán rí.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ gbọ́wọ́ kúrò lórí mouse. Á máa tẹ Tab lórí kíbọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀ á máa tẹ̀ lé àmì tó ń fi ibi tó wà hàn. Orúkọ, Tab, íméèlì, Tab, nọ́ńbà fóònù, Tab, ó bára ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé níbi tí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ oníǹkan sí. Bọ́tìnnì "Fi ránṣẹ́" tó wà láàárín ńkọ́? Tab fò ó kọjá. Ẹni tó kọ kóòdù fi div ṣe é, ìyẹn àpótí lásán nínú HTML tí wọ́n fi ń kọ wẹ́bùsáìtì, ó kùn ún, ó gbé òjìji sábẹ́ ẹ̀, ó jọ bọ́tìnnì pátápátá lójú, ṣùgbọ́n lójú kíbọ́ọ̀dù kò sí níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ìyẹn á tan NVDA, ìyẹn screen reader (sọ́fítíwíà tó ń ka ojú ìwé sókè fún ẹni tí ò ríran) ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti ń lò láti 2006, á padà sínú àpótí orúkọ, ẹ̀rọ á sọ pé "edit, blank", kò ní sọ orúkọ kankan, torí ọ̀rọ̀ "Orúkọ" tí ojú ń rí lókè kò so mọ́ àpótí yẹn nínú kóòdù. Á fẹ ojú ìwé sí 400%, á wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ń jáde kúrò lójú. Á mọ̀ọ́mọ̀ fi fọ́ọ̀mù òfìfo ránṣẹ́, àpótí á pọ́n, screen reader ò ní sọ nǹkan kan. Gbogbo èyí ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan lọ.

Ẹ wá wo rìpọ́ọ̀tù tó kọ. Ti ayédèrú á ní: "Ìlànà WCAG 4.1.2 kò yege, ó le." Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ti ẹni tó mọ̀ ọ́n á ní: "Bọ́tìnnì Fi ránṣẹ́, Tab kì í débẹ̀, screen reader ò sì mọ̀ pé bọ́tìnnì ni. Ẹni tí ò lè lo mouse ò lè forúkọ sílẹ̀. Ẹ fi button HTML gangan rọ́pò ẹ̀. Kóòdù kan náà lẹ lò fún bọ́tìnnì ojú ìwé yòókù, bí ẹ bá tún un ṣe níbi kan gbogbo ẹ̀ á sàn." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lowó wà fún, torí ẹni tó rí ibi tí àrùn ti ń wá yàtọ̀ sí ẹni tó ń ka egbò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ fi kún un: ìgbà wo lẹ máa ń lo ARIA, ìyẹn àfikún tí wọ́n ń kọ sínú kóòdù láti sọ fún screen reader ohun tí nǹkan kan jẹ́? Bí ojú ẹ̀ bá tàn tó ní gbogbo ìgbà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó máa lọ. Òfin àkọ́kọ́ ARIA ni pé kéèyàn má lò ó bí HTML bá ti ní ohun tó máa ṣe iṣẹ́ yẹn, àyẹ̀wò WebAIM sì ń fi hàn lọ́dọọdún pé ojú ìwé tó lo ARIA ló ń ní àṣìṣe jù.

Àwọn kan wà tí wọn ò tiẹ̀ fẹ́ wá ẹnikẹ́ni, wọ́n á ra ìlà kóòdù kan tí wọ́n ní á tún gbogbo wẹ́bùsáìtì ṣe fúnra ẹ̀. Ní January 2025, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní kí ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irú ẹ̀ san mílíọ̀nù kan dọ́là torí ohun tó ń ṣèlérí fáwọn oníbàárà. Kò sì yani lẹ́nu, ẹ̀rọ tí ò lè rí ìdajì àṣìṣe, báwo ló ṣe fẹ́ tún gbogbo ẹ̀ ṣe?

Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, torí náà ó yẹ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an wà nínú àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sanwó fún wọn, kì í ṣe kí wọ́n pe ẹnì kan tí ò ríran kó "bá wa wò ó díẹ̀" lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n wá fi tiẹ̀ ṣe ti gbogbo ayé. Ohun tó ń dí adití lọ́wọ́, afọ́jú lè má mọ̀ pé ó wà.

Àléébù tí mo rí nínú ètò yìí ni pé ìmọ̀ máa ń bá àlejò jáde. Ó kọ rìpọ́ọ̀tù, ó gba owó ẹ̀, ó lọ, rìpọ́ọ̀tù wọ dúrọ́ọ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé á jókòó ti àwọn tó ń kọ kóòdù, wọ́n á jọ tún bọ́tìnnì àti fọ́ọ̀mù kan ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó sì padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n di apá kan owó ẹ̀ mú. Lọ́jọ́ tó bá padà dé, kí òun dákẹ́, kí ẹni tó ń kọ kóòdù nílé iṣẹ́ gbé mouse sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó tan NVDA, kó pa ojú kọ̀ǹpútà, kó forúkọ sílẹ̀. Bó bá dé "Fi ránṣẹ́" tó sì tẹ̀ ẹ́, ẹ san èyí tó kù.