Ogún ọdún kọ́ ló ń jí orin rọ́ọ̀kì dìde

"Ó ti pé ogún ọdún, ó ti tó àsìkò kó padà." Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan irú orin rọ́ọ̀kì kan tó ti wábi gbà, ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Ó ń bí mi nínú. Pé orin lè wọlẹ̀ kó tún jáde, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ìṣirò yẹn ni kò dúró.

Láti ibo la ti ń ka ogún ọdún ọ̀hún? Rockabilly, rọ́ọ̀kì ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ tó da orin country pọ̀ mọ́ blues, gbóná ní nǹkan bí 1955. Ẹgbẹ́ Stray Cats gbé e padà ní nǹkan bí 1981, ó ti lé ní 25. Ska, orin ijó tó ṣáájú reggae, gbilẹ̀ ní Jàmáíkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Nígbà tó fi máa di 1979, àwọn ẹgbẹ́ olórin ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ ọ́ lákọ̀tun, kò tó ogún ọdún. Garage rock, rọ́ọ̀kì ṣákálá tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi dánra wò nínú gáréèjì, gbòde ní Amẹ́ríkà láàárín 1963 sí 1967. Àwọn kan tún un ṣe láwọn ọdún 1980, ọjà ò yíjú sí wọn. Ó di 2001, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ The Strokes àti The White Stripes, kó tó bú jáde. Òfin wo ló ń nà tó tún ń súnkì báyìí?

Irinṣẹ́ ni wọ́n ń gbójú fò. Fender gbé jìtá Jazzmaster jáde ní 1958; ní nǹkan bí 1980, wọn ò ṣe é mọ́, àlòkù rẹ̀ sì di ọ̀pọ̀. Bó ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò lówó nìyẹn. Kevin Shields, atajìtá ẹgbẹ́ My Bloody Valentine, máa ń di ọ̀pá gígùn tó wà lára irú jìtá yìí mú sínú àtẹ́lẹwọ́ bó ṣe ń ta okùn, tí ohùn á máa rọ̀ wálẹ̀, táá tún máa gòkè. Ohùn yẹn ló kún inú àwo Loveless ti 1991. Shoegaze, irú rọ́ọ̀kì tí ohùn jìtá rẹ̀ kún bíi ti Loveless yìí, tún ti ń wu àwọn ọ̀dọ́ lónìí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pẹ́dàlì olówó pọ́ọ́kú (àpótí kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn jìtá padà) àti kọ̀ǹpútà ti lè gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde nínú yàrá. Ó ṣeé ṣe kí ọdún náà kó ipa díẹ̀. N kò rò pé òun ni olórí ìdí.

Àwọn tó gba ìṣirò yìí gbọ́ ti ń ra pẹ́dàlì àtijọ́ pamọ́ de àsìkò. Ẹ ṣọ́ra fún fuzz, pẹ́dàlì tó ń mú ohùn jìtá ha, onítrànsísítọ̀ germanium irú ti 1966. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹnu + bátìrì ni wọ́n so mọ́ àpótí irin rẹ̀, òdìkejì pẹ́dàlì òde òní. Bí ẹ bá fi wáyà iná kan náà so méjèèjì pọ̀, iná á gbara wọn. Bátìrì fólítì 9 tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ fún un. Ooru pẹ̀lú ń dà á láàmú: tí trànsísítọ̀ bá ti gbóná, iná á máa jò nínú rẹ̀, ohùn á sì máa gé. Ẹ fi mítà wọn ẹsẹ̀ collector (ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà jáde) trànsísítọ̀ kejì. Bí kò bá sí nítòsí fólítì 4.5, ó nílò àtúnṣe. Òun gan-an sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so mọ́ jìtá. Bí pẹ́dàlì oníbuffer (èyí tó ń fún ohùn jìtá lágbára kó tó kọjá) bá ṣáájú rẹ̀, ohùn á tínrín, á máa ha etí, bọ́tìnì fólúùmù ara jìtá ò sì ní lè tún un ṣe mọ́.