Ìdúrósójúkan ìtọ́jú: ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀

Ẹni tó bá tún pe clinical inertia ní "ìmẹ́lẹ́ ìtọ́jú" lójú mi, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa fà á. Ọdún 2001 ni àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yìí jáde. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé aláìsàn wá, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé kò wálẹ̀, síbẹ̀ oògùn tó ń lò bọ̀ náà ni wọ́n tún kọ fún un.

Ta ló wá ṣe ìmẹ́lẹ́ níbẹ̀? Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti wọn ẹ̀jẹ̀ àìmọye èèyàn kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sí káàdì. Ẹ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́lẹ, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yòókù lẹ́nu yín. "Ìdágunlá" náà kò bá a mu, nítorí ẹni tó dágunlá kì í wọn ẹ̀jẹ̀ rárá. Ti "inẹ́ṣíà ìṣègùn" ló ń bí mi nínú jù: ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀, ẹni tó gbọ́ ọ kò nílò rẹ̀.

Ìdúrósójúkan ìtọ́jú ni mo fọwọ́ sí. Òṣìṣẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀, ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ló dúró. Ẹ tú u palẹ̀, ó di "ìtọ́jú náà dúró sójú kan", ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà á sì yé e. Àwọn kan tún ń ya therapeutic inertia, ìyẹn àìfi kún oògùn nígbà tó yẹ, sọ́tọ̀ kúrò lára clinical inertia. N kò rí ohun tí ìyàtọ̀ yẹn ń ṣe fún aláìsàn.

Ó dà bí ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná, tó ń ru, tó ń ti ìdérí. Ó ṣí i, ó wò ó, ó tún dé e padà, kò yọ igi kankan nínú iná.

Ẹ wo káàdì ìyá kan: 162/98, oṣù méjì lẹ́yìn náà 166/100, lẹ́yìn ìyẹn 160/96. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mílígíráàmù 5 ló wà níwájú gbogbo rẹ̀. Ìdí pọ̀. Nọ́ọ̀sì ń dúró de dókítà tí kì í wá, tàbí kò sí àtẹ tó sọ fún un pé 140/90 ni ààlà, pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì kọjá bẹ́ẹ̀, kó fi losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kún un. Nígbà mìíràn, ìyá náà kò rí owó ra oògùn, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Àtúnṣe rẹ̀ kò fara sin. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nọ́ọ̀sì àti apoògùn lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru bí wọ́n bá kọ́ wọn, tí àtẹ wà, tí dókítà sì ń bójú tó o. Wọ́n ní kí aláìsàn máa padà wá lóṣooṣù títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi wálẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí oògùn méjì nínú hóró kan. Kaiser Permanente, iléeṣẹ́ ìlera kan ní àríwá California ní Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀: ní 2001, ìdá 44 nínú 100 àwọn aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn wà níwọ̀n, nígbà tó fi di 2009, ó ti di 80. Ní Nàìjíríà, 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 60 ní agbègbè Àbújá, Ògùn àti Kánò náà sì ní tiwọn.

Aláìsàn náà lè ti ìtọ́jú kúrò lójú kan. Bí wọ́n bá ti wọn ẹ̀jẹ̀ yín tán, kí ẹ tó gba káàdì, ẹ bi wọ́n: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ mi ò tíì wálẹ̀. Kí la máa yí padà lónìí?"