Àgùnfọn àti àbùùbùtán: ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ gun òkè, àti èyí tó ń ṣọ́ èémí jẹ

Ọ̀pọ̀ ló ń pe àbùùbùtán ní ẹja. Ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí o, ọmú ló sì fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgùnfọn tó ń jẹ ewé orí igi ní ọ̀dàn Kouré, nílẹ̀ Niger. Kódà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń rìn lórí ilẹ̀ làwọn baba ńlá àbùùbùtán, wọ́n sì bá àwọn ẹran onípátákò bí àgùnfọn tan. Ibi tí kálukú wá ń gbé ló sọ iṣẹ́ ọkàn wọn di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Orí àgùnfọn fi bíi mítà 2 ga ju ọkàn rẹ̀ lọ. Kí ẹ̀jẹ̀ tó lè dé ọpọlọ, ọkàn ní láti tì í gidigidi, ìdí nìyẹn tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi tó ìlọ́po méjì ti èèyàn. Bí dókítà bá rí irú rẹ̀ lára èèyàn, ọsibítù ni onítọ̀hún máa sùn. Ní ti àgùnfọn, àlàáfíà ara ni.

Ìgbà tó bá fẹ́ mumi lọ̀rọ̀ le. Á ya ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbàgà, á tẹ orí wálẹ̀. Àwọn ìdènà kéékèèké inú iṣan ọrùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti kúrò lórí tún ṣàn padà síbẹ̀. Awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ náà nípọn, ó fún mọ́ ẹran pinpin, kí ẹ̀jẹ̀ má baà rọ́ sísàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ sì wú.

Àbùùbùtán ò ní wàhálà gíga, torí bó ṣe gùn tó, ìbú ló dùbúlẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ ló wọ́n fún un. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ ẹ̀rọ tó ń ka ìlùkìkì ọkàn mọ́ àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù kan lára ní Monterey Bay, ní California. Nígbà tó rì sísàlẹ̀, ọkàn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lù ní ìṣẹ́jú kan! Iṣan ńlá tó jáde látinú ọkàn ló ń gbà á sílẹ̀: ó ń fẹ̀ bíi rọ́bà nígbà tí ọkàn bá lù, lẹ́yìn náà ló ń sún kì díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ á fi máa ṣàn lọ títí ọkàn á fi tún lù. Èròjà kan tún wà nínú ẹran ara rẹ̀ tó máa ń tọ́jú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn pamọ́, òun ló jẹ́ kí ẹran náà pọ́n dúdú. Tó bá yọrí síta, ọkàn á sáré san gbèsè afẹ́fẹ́ tó jẹ: ti èyí tí wọ́n kà yẹn dé 37 ní ìṣẹ́jú kan.