Inú Afẹ́fẹ́ Lọ̀rọ̀ Gbà, Báwo Ni Sítáǹpù Ṣe Wá Dé?

Ìbéèrè: Àwọn tó ń fi rédíò bá ará òkèèrè sọ̀rọ̀ ti sọ̀rọ̀ tán lórí afẹ́fẹ́. Kí ni wọ́n tún ń fi lẹ́tà ṣe?

Ẹ̀rí ni wọ́n ń wá. Àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní ham, gbàwé àṣẹ láti máa lo rédíò fún ìgbádùn, wọn ò fi pawó. Nígbà míì, ọ̀rọ̀ wọn kì í pé ìṣẹ́jú kan: oníkálukú á pe orúkọ ìpè rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ lórí afẹ́fẹ́, á sọ bí òun ṣe ń gbọ́ ẹnì kejì sí, á fi "73" kí i, ó parí. Tẹ́ ẹ bá wá jí láàárọ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ bá ará Pitcairn, erékùṣù kékeré kan ní Òkun Pàsífíìkì, sọ̀rọ̀ lóru, ta ló máa jẹ́rìí yín? Káàdì ni. QSL lorúkọ rẹ̀, látinú àmì tí àwọn onítẹligíráàfù fi ń sọ pé "mo rí i gbà". Ọjọ́, aago, ìgbì tí ẹ lò àti orúkọ ìpè ẹ̀yin méjèèjì ló máa wà lára rẹ̀. ARRL, ẹgbẹ́ àwọn ham ní Amẹ́ríkà, sì ń fún ẹni tó bá ní ẹ̀rí pé òun bá ilẹ̀ 100 sọ̀rọ̀ ní ìwé ẹ̀yẹ DXCC. Ẹni tó ń lé ilẹ̀ 100 kiri á kọ lẹ́tà títí ọwọ́ á fi máa ro ó. Níbi tí lẹ́tà bá sì ti ń wọlé, sítáǹpù ń bá a bọ̀ fún àwa tó ń kó o jọ.

Ìbéèrè: Erékùṣù kan láàárín òkun ni mo bá sọ̀rọ̀, àmọ́ sítáǹpù ilẹ̀ mìíràn ló wà lára àpòòwé. Ṣé wọ́n tàn mí ni?

Wọn ò tàn yín. Ẹ wo Bouvet, erékùṣù Norway tí yìnyín bò. Kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀, áńbọ̀sì ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí àwọn ham bá wọkọ̀ ojú omi lọ gbé rédíò kalẹ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹnì kan tó jókòó sílé, tí wọ́n ń pè ní QSL manager, ló máa bá wọn fi káàdì ránṣẹ́. Sítáǹpù ìlú tirẹ̀ ló máa lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó tiẹ̀ burú jù fún wa ni káàdì tó gba "bureau": àwọn ẹgbẹ́ á kó o jọ, wọ́n á dì í ní ìdìpọ̀ ńlá, á sì dé ọwọ́ yín láìní sítáǹpù kankan tirẹ̀.

Pitcairn yàtọ̀. Wọn ò ju nǹkan bí 50 èèyàn lọ, àmọ́ láti 1940 ni wọ́n ti ní sítáǹpù tiwọn, owó rẹ̀ sì wà lára ohun tó gbé erékùṣù náà ró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti Tristan da Cunha, erékùṣù míì láàárín òkun, ló tún dùn jù létí mi. Ní 1946, kí wọ́n tó ní sítáǹpù gidi ní 1952, wọ́n ṣe àpẹẹrẹ kan tí wọ́n kọ péńì 1 àti ọ̀dùnkún 4 sí lára, nítorí ọ̀dùnkún ni wọ́n ń ná.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí n fi "green stamp" sínú lẹ́tà. Irú sítáǹpù wo nìyẹn?

Dọ́là Amẹ́ríkà ni o! Àwọ̀ ewé tó ní ni wọ́n ń fi ṣe àpèjẹ́. Owó tẹ́ni tó máa dá yín lóhùn máa fi ra sítáǹpù nìyẹn. Ẹ má kọ orúkọ ìpè kankan sẹ́yìn àpòòwé, torí olè tó bá mọ̀ pé ti ham ni mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún irú èyí ni kúpọ́ọ̀nù IRC, tí ìpàdé àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé fọwọ́ sí ní Rome ní 1906: ẹ ó rà á nílùú yín, ẹnì kejì á fi gba sítáǹpù nílùú tirẹ̀. Ó ti ń wọ́n-ọ́n rí báyìí. Amẹ́ríkà ti ṣíwọ́ títà rẹ̀ láti 2013.

Àwọn kan máa ń ra sítáǹpù ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ̀wé sí ṣáájú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpòòwé tí ìdáhùn máa bá padà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ lójú tèmi, ó jọ ẹni tó ra ẹja lọ́jà tó ní òun pa á lódò.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe yọ sítáǹpù náà?

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ má yọ ọ́. Àpòòwé tó ní sítáǹpù, tí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó mọ́ kedere wà lórí rẹ̀, tí káàdì sì wà nínú rẹ̀, ń sọ ìtàn odindi. Tẹ́ ẹ bá já sítáǹpù nìkan, ìtàn ti já nìyẹn.

Tó bá di dandan, ẹ má fi èékánná họ ọ́. Mo ti dán an wò rí, ìdajì orí ẹyẹ ló kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ gé bébà yí i ká, kí etí díẹ̀ ṣẹ́ kù, kí ẹ sọ ọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì mú sùúrù. Ẹ ó rí i tí bébà á máa wú, tí sítáǹpù á máa rọra yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà tó ń fa omi, kí ẹ wá fi ìwé wúwo tẹ̀ ẹ́ tó bá gbẹ. Bí àpòòwé bá pupa, ẹ rẹ ẹ́ lọ́tọ̀, torí aró rẹ̀ á ba tàwọn yòókù jẹ́. Púpọ̀ nínú sítáǹpù òde òní tó ní gọ́ọ̀mù alálẹ̀mọ́ ò gbọ́ ti omi rárá. Ẹ fi irú ìyẹn sílẹ̀ lórí bébà rẹ̀.

Ìbéèrè: Mi ò rí orúkọ ilẹ̀ kankan lára ọ̀kan.

Tí orí ọba tàbí ọbabìnrin bá wà níbẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe sítáǹpù, ní 1840, wọn kì í sì í kọ orúkọ. Tẹ́ ẹ bá rí Helvetia, Switzerland ni. Suomi ni Finland, Magyar sì ni Hungary.

Ìbéèrè: Ṣé sítáǹpù ṣì ń wọlé lóde òní?

Ó ti dín kù gan-an. Láti 2003 ni ARRL ti ní Logbook of the World, tí ẹ̀rí fi ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí bébà. Àwọn tó ṣì ń kọ lẹ́tà pàápàá, ẹ̀rọ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló sábà máa ń tẹ owó sára àpòòwé wọn, láìsí àwòrán. Nítorí náà, ẹni tí sítáǹpù bá wù, kó sọ ọ́. Ìlà kan ti tó lẹ́yìn káàdì yín: "Ẹ jọ̀wọ́, sítáǹpù aláwòrán ni kí ẹ bá mi lẹ̀ mọ́ ọn." Ẹ wá fi méjì mẹ́ta láti ìlú tiyín sínú rẹ̀, bóyá ẹni tó wà lọ́hùn-ún náà ń kó o jọ.