Omi Ni Kẹ́ Ẹ Ṣọ́ Tẹ́ Ẹ Bá Ń Ṣe Pásítà Inú Ófùn

Ẹjọ́ méjì ni wọ́n sábà máa ń bá wá nípa pasta al forno, ìyẹn pásítà tí àwọn ará Ítálì ń pò mọ́ ọbẹ̀ tòmátò àti ṣíìsì, tí wọ́n á wá gbé sínú ófùn. Ẹnì kan á ní tòun gbẹ, ó le gbagidi. Ẹlòmíì á ní tòun ṣomi, kò ṣeé gé. Ìdí kan náà ló fa méjèèjì. Pásítà ń mu omi, ṣíìsì ń tu omi jáde, iná ófùn sì ń gbé omi lọ. Àfi kéèyàn ṣírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Pásítà oníhò ni kẹ́ ẹ rà, bíi penne, rigatoni, tàbí ziti tí wọ́n fẹ́ràn ní Naples. Ní Palermo, anelletti tó rí bí òrùka kékeré ni wọ́n ń lò. Ẹ yẹ ara ọ̀rá rẹ̀ wò bóyá wọ́n kọ durum sí i. Láti ọdún 1967 ni òfin Ítálì ti ní irú àlìkámà líle yìí ni kí wọ́n máa fi ṣe pásítà gbígbẹ níbẹ̀, torí kì í tètè rà. Èyí tí wọ́n fi fúláwà lásán ṣe á ti rà kó tó jáde nínú ófùn.

Lítà omi kan sí gíráàmù 100 pásítà, gíráàmù 10 iyọ̀ sí lítà omi kan: ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Ítálì nìyẹn. Gíráàmù 500 á tó èèyàn mẹ́fà. Tí wọ́n bá kọ ìṣẹ́jú 12 sára ọ̀rá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú 7 tàbí 8. Ẹ gé ẹyọ kan sí méjì. Tẹ́ ẹ bá rí funfun tín-ín-rín láàárín ara rẹ̀, ó ti tó. Ẹ má fi omi tútù ṣàn án. Mo mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe sùpàgẹ́tì nìyẹn, ṣùgbọ́n sítáàṣì ara rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ bu ife kan pamọ́ nínú omi tẹ́ ẹ fi sè é.

Ìdí ọbẹ̀ gan-an ni àwa Yorùbá ti máa ń ṣì í ṣe. Ọwọ́ wa ti mọ́ dídín ata títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí òróró á léfòó. Kò sí ohun tó burú nínú ọbẹ̀ yẹn tó bá jẹ́ ìrẹsì lẹ fẹ́ fi jẹ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi po pásítà tí ò tíì jinná tán, kí ló fẹ́ mu? Ẹ fi òróró ólífì díẹ̀ yí àlùbọ́sà kan àti ààyù méjì títí wọ́n á fi rọ̀, wọn ò gbọdọ̀ pọ́n. Ẹ da tòmátò agolo méjì sí i, olódidi tó wà nínú omi ara rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ki tí a fi ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ. Iná kékeré, ìṣẹ́jú 25. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi pásítà tẹ́ ẹ bù pamọ́ sí i. Ọbẹ̀ náà á ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ lójú yín. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ewé basil ni wọ́n ń já sí i. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni efinrin, àmọ́ efinrin lágbára jù ú lọ, ewé méjì péré ti tó. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó ta, ẹ fi ata sí i. Àwọn ará Calabria ní Ítálì náà ò fi ata ṣeré.

Ó ku ṣíìsì, oríṣi méjì sì ni: mozzarella tó rọ̀ àti Parmigiano Reggiano tó le. Ju ìdajì mozzarella tútù lọ ló jẹ́ omi. Gíráàmù 300 ni kẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ kó sínú asẹ́, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí mélòó kan kó ro dáadáa. Ohun tó máa ro sínú abọ́ á yà yín lẹ́nu. Parmigiano Reggiano ò nírú wàhálà yẹn, torí ó kéré tán, oṣù 12 ni wọ́n fi ń tọ́jú u kí wọ́n tó tà á. Gíráàmù 100 tẹ́ ẹ fúnra yín rin ti tó. Èyí tí wọ́n ti rin sínú ọ̀rá sábà máa ń ní sítáàṣì kó má bàa lẹ̀ pọ̀, kì í sì í yọ́ dáadáa. Ṣé wàrà tiwa lè rọ́pò mozzarella? Rárá o. Wàrà kì í yọ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé dín.

Ẹ tẹ́ ọbẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ páànù. Ẹ po pásítà mọ́ ìyókù ọbẹ̀ àti ìdajì Parmigiano, ẹ da ìdajì rẹ̀ sínú páànù, ẹ wọ́n mozzarella sí i, ẹ da ìyókù lé e, kẹ́ ẹ wá fi Parmigiano tó kù bo ojú rẹ̀. Dígírì 180 Celsius, ìṣẹ́jú 20 pẹ̀lú fọ́ì lórí, ìṣẹ́jú 15 láìsí fọ́ì. Ìkòkò oníyanrìn tí wọ́n fi ń yan kéèkì náà á ṣe é, àmọ́ òkè rẹ̀ ò ní pọ́n.

Àwọn kan máa ń fi besciamella sí i, ìyẹn bọ́tà, fúláwà àti mílíìkì tí wọ́n sè pọ̀. Lásáńyà àwọn ará Bologna ò lè ṣe kó má ní in. Nínú èyí, èmi kì í fi sí i. Ó máa ń pa adùn tòmátò.

Tó bá jáde, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 15, torí omi tó kù ṣì ń wọ inú pásítà lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ gé e lọ́jọ́ kejì bó ṣe tutù, kẹ́ ẹ fi òróró bíńtín dín in kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ́n. Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.