Ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò láàárín Ìjẹ̀bú àti àwọn ìlú tó yí i ká

Ní ọ̀rúndún 19, ọ̀nà ni Ìjẹ̀bú fi ń bá ìlú mìíràn ṣe ọ̀rẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń bá wọn jà. Ilẹ̀ wọn ló wà láàárín ọ̀sà Èkó àti ilẹ̀ òkè. Ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ tó ń lọ sókè, epo pupa tó ń bọ̀ sísàlẹ̀, ọwọ́ wọn ló ń gbà kọjá. Oníṣòwò Ìbàdàn kì í kọjá Òrù, ìlú Ìjẹ̀bú tó wà lọ́nà Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ ẹrù rẹ̀, Ìjẹ̀bú á rà á, wọn á rù ú dé Ejìnrìn létí ọ̀sà, ọkọ̀ á sì gbé e lọ Èkó. “Ìjẹ̀bú Òde, àjèjì ò wọ̀, bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́.” Wọ́n sọ ọ́ bí èèwọ̀, ṣùgbọ́n èrè ọjà ló wà nídìí rẹ̀.

Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, nìkan kọ́ ló ń pinnu ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Àwọn Ìlámùrẹn (àwọn ìjòyè ńlá), Òṣùgbó (ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú bí Ògbóni) àti Pàm̀pá (ẹgbẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún mẹ̀kúnnù) ní ohùn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wo bodè dáadáa yóò mọ̀ bóyá ààfin àti ìlú ṣì ń gbọ́ ara wọn yé.

Ogun Kírìjì (1877–1893), tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, ló tú àìgbọ́ra-ẹni-yé náà síta. Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Fìdípọ̀tẹ̀ ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn kí ìbọn má baà dé ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ebi ọ̀nà títì ń pa ẹni tó tì í náà. Ó sú àwọn oníṣòwò, ó sú àwọn ọmọ ogun tó dó sí Òrù. Àwọn wọ̀nyí bá Ìbàdàn rẹ́. Ní 1883, ọba sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1885.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó náà fẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Ní 1891, Denton, adelé gómìnà, gbé ẹ̀bùn wá sí Ìjẹ̀bú Òde. Ìjẹ̀bú ò gbà á. Ní oṣù Kìíní 1892, wọ́n ṣe àdéhùn pé ọ̀nà yóò ṣí, Èkó yóò sì máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Kò pẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ní Ìjẹ̀bú ti dalẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, ìbọn Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ Rẹ́mọ, apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yàtọ̀ díẹ̀. Ìkòròdú, ìlú Rẹ́mọ kan létí ọ̀sà, ti ń bá Èkó àti Ìbàdàn ṣòwò tipẹ́, títí Ẹ̀gbá fi dó tì í ní 1865 tí àwọn ọmọ ogun Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, sì lé wọn. Ní 1894, Àkárígbò, ọba Rẹ́mọ, fọwọ́ sí àdéhùn tó fi Rẹ́mọ sábẹ́ Èkó, láìdúró de Ìjẹ̀bú Òde.